Ìgbèríko Kọ́ Ni Ibi Jíjìn: Ìdáhùn fún Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Kan Lórí Bí A Ṣe Ń Pín Ẹkùn sí Ìsọ̀rí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Òṣìṣẹ́ ni mí ní ẹ̀ka ìṣètò ìjọba ìbílẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Òǹdó. Wọ́n ní kí n pín ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní ìpínlẹ̀ wa sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ìlú ńlá, ìgbèríko àti agbedeméjì, kí n sì fi hàn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìnnà tó sí ibi tí ọrọ̀ ajé fìdí sọlẹ̀ sí. Ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n kàn fi iye ènìyàn pín in, kí n sì ka kìlómítà láti Àkúrẹ́. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i, pàápàá nítorí Ìdànrè àti Ìlàjẹ. Báwo ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é, ǹjẹ́ ọ̀nà tiwọn sì bá ilẹ̀ wa mu?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kò tètè gba ohun tí ẹlẹgbẹ́ yín sọ. Ọ̀nà tó júwe rọrùn, a sì lè parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì tó yàtọ̀ síra ló lọ́ mọ́ ara wọn nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín, ẹni tí kò bá sì tú wọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ yóò fún ilẹ̀ onílẹ̀ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìbéèrè kìíní ni bí àwọn ènìyàn ṣe fún pọ̀ sójú kan tó. Ìkejì ni bí ó ti ń pẹ́ tó kí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ tó dé ibi tí ọjà ńlá, ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn tó péye àti iṣẹ́ olówó oṣù wà. Ibi tí èrò kò pọ̀ sí lè wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ibi tí èrò sì há gádígádí sí lè jẹ́ pé omi ló yí i ká. Ìdí nìyí tí n kì í fi í jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lo "ìgbèríko" àti "ibi jíjìn" bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù, èyí tí àjọ OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn ti gòkè tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Paris, ń lò láti pín àwọn ẹkùn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Wọn yóò mú ẹyọ ilẹ̀ kéékèèké tó wà nínú ẹkùn kan, wọn yóò pín iye ènìyàn rẹ̀ fún ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀, bí kò bá sì tó ènìyàn 150 nínú kìlómítà onígun mẹ́rin kan, ìgbèríko ni wọn yóò pè é. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá wo odidi ẹkùn. Bí àwọn tó ń gbé nínú àwọn ẹyọ ìgbèríko kò bá tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ènìyàn ẹkùn náà, ẹkùn ìlú ńlá ni. Bí wọ́n bá wà láàárín ìdá 15 sí 50, agbedeméjì ni. Bí wọ́n bá ju ìdá 50 lọ, ẹkùn ìgbèríko ni. Ó ku ìgbésẹ̀ kan: ẹkùn ìgbèríko tó bá ní ìlú kan tí èrò inú rẹ̀ ju 200,000 lọ, tí ìlú náà sì kó ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ènìyàn ẹkùn náà, yóò di agbedeméjì, agbedeméjì tó bá sì ní ìlú tó ju 500,000 lọ lábẹ́ ìlànà kan náà yóò di ẹkùn ìlú ńlá.

Ẹ óò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ jíjìn nínú gbogbo èyí. Nǹkan bí ọdún 2011 ni wọ́n tó fi kún un, nígbà tí ó ti hàn gbangba pé ẹkùn ìgbèríko tó wà lẹ́bàá ìlú ńlá kì í bá ẹkùn ìgbèríko tó dá dó rìn ní ọ̀nà kan náà. Ti àkọ́kọ́ máa ń gba èrò mọ́ra, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Òfin tí wọ́n fi kún un ni pé bí ìdajì ènìyàn ẹkùn kan bá lè wa ọkọ̀ dé ibi tí èrò rẹ̀ tó 50,000 láàárín ìṣẹ́jú 60, ẹkùn náà sún mọ́ ìlú. Bí wọn kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó dá dó. Ní ọdún 2019 wọ́n gbé ètò mìíràn jáde tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ti ìṣáájú dé: wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlú fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àdúgbò tí àwọn ènìyàn ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń béèrè bóyá ìdajì ènìyàn ẹkùn wà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ tí èrò rẹ̀ tó 250,000, tàbí pé wọ́n lè dé ibẹ̀ láàárín wákàtí kan, tàbí pé ìlú kékeré tí èrò rẹ̀ wà láàárín 50,000 sí 250,000 nìkan ni wọ́n lè dé, tàbí pé wọn kò lè dé ọ̀kankan. Lójú tèmi, èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó gbà pé ènìyàn lè sùn sí ibì kan kí ó sì máa jẹun níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé òfin àkọ́kọ́ yẹn sórí ilẹ̀ wa kí a wo ohun tí yóò ṣe. Ìkànìyàn ọdún 2006 ni èyí tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn, òun náà ni mo sì lò, pẹ̀lú ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ jáde fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ka ènìyàn 3,460,877 ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Gúúsù Àkúrẹ́ ní 353,211 lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 331, èyí tó já sí pé ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀-Oòrùn Òǹdó ní nǹkan bí 290, Ìlà-Oòrùn Òǹdó ní nǹkan bí 210. Ìlàjẹ, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, ní nǹkan bí 220, Ẹsẹ̀-Odò sì ní nǹkan bí 200. Mẹ́ta péré ni mo rí tó ṣubú sísàlẹ̀ 150: Ìdànrè ní nǹkan bí 67, Ọ̀sẹ́ tí kò pé ọgọ́rùn-ún, àti Òdìgbò ní nǹkan bí 127. Ìrèlè jókòó sórí ààlà gan-an.

Bí ẹ bá ro ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta yẹn pọ̀, ó tó ìdajì mílíọ̀nù, ìyẹn sì fi díẹ̀ dín sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìpínlẹ̀. Lédè mìíràn, bí ẹ bá fi ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ẹyọ kékeré, òfin OECD yóò sọ pé odidi Ìpínlẹ̀ Òǹdó, pẹ̀lú gbogbo igbó kòkó rẹ̀, ẹkùn ìlú ńlá ni, ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Paris. Bí ẹnì kan bá sì tún ilẹ̀ Ìrèlè wọ̀n, tí ó rí i pé ó fi díẹ̀ fẹ̀ ju bí wọ́n ti kọ ọ́ lọ, Ìrèlè yóò bọ́ sísàlẹ̀ 150, ìdá náà yóò fò dé nǹkan bí 19, odidi ìpínlẹ̀ yóò sì di agbedeméjì lọ́gán. Kò sí ẹni tó kọ́ ilé kan, kò sí ẹni tó ṣí kúrò lábà, síbẹ̀ ìsọ̀rí ti yí padà.

Kì í ṣe pé òfin náà burú. Wọ́n ṣe é fún ẹyọ ilẹ̀ tó kéré, àwa sì fi ẹyọ ńlá bọ ọ́ lẹ́nu. Ìdànrè nìkan fẹ̀ tó 1,914 kìlómítà onígun mẹ́rin. Gúúsù Àkúrẹ́ yóò wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ilẹ̀ yóò sì tún ṣẹ́ kù. Láàárín ilẹ̀ tó tóbi báyìí ni ìlú Ìdànrè wà, Òdòde àti Àlàdé lábẹ́ àpáta, ilé kan ara mọ́ ilé, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà ni igbó ọba àti oko kòkó tó lọ gbọọrọ sí ìhà gúúsù, níbi tí abà kan lè má rí abà kejì. Ènìyàn 67 tí ìṣirò bí fún wa kì í ṣe ti ará Òdòde, kì í sì í ṣe ti ará abà. Kò sí ibi kan ní Ìdànrè tí ẹ lè dúró sí kí ẹ rí i. Ìdáhùn mi sí ohun tó ń dà yín láàmú nípa Ìdànrè nìyẹn: òfin kọ́ ló kọ́kọ́ níṣòro, ìwọ̀n ẹyọ ni. Ibi kan náà ni Òdìgbò náà wà, níbi tí Ọ̀rẹ̀ ti ń hó lójú títì Èkó sí Bìní tọ̀sán tòru, tí igbó ọba àti oko ọ̀pẹ ńláńlá sì fa ìṣirò gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 150 fúnra rẹ̀ tún yẹ kí a wò. Kò sí ohun mímọ́ kankan nínú rẹ̀. Fún Japan àti Korea, àjọ náà gbé e sókè di 500, wọ́n sì gbé ìwọ̀n ìlú sókè di 500,000 àti mílíọ̀nù kan, nítorí pé ìfúnpọ̀ èrò àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì lápapọ̀ ju 300 lọ. Bí wọ́n bá fi 150 wọ̀n wọ́n, agbára káká ni wọn ì bá fi rí ìgbèríko níbẹ̀. Ní Nàìjíríà ọdún 2006, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 140 lórí ilẹ̀ 923,768 kìlómítà onígun mẹ́rin já sí nǹkan bí 152. Ẹ wo bó ṣe rí: òṣùwọ̀n tí wọ́n mú láti òkèèrè bọ́ sórí ìpíndọ́gba orílẹ̀-èdè wa gan-an, láti ìgbà yẹn ni èrò sì ti ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ lo irú òfin yìí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti yan òṣùwọ̀n tó bá ilẹ̀ yín mu, bí ẹ bá ti lè kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba.

Èyí ló mú mi fẹ́ràn ọ̀nà kejì, èyí tí Ìgbìmọ̀ Oníṣirò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ọ̀nà yìí kò kọ́kọ́ wo ààlà ìjọba kankan. Ó na ohun kan bí àwọ̀n apẹja lé gbogbo ilẹ̀, ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kìlómítà kan ní ìbú àti ní òró, ó wá ń ka ènìyàn tó bọ́ sínú ojú kọ̀ọ̀kan. Níbi tí àwọn ojú tó fara kan ara wọn bá ti ní ó kéré tán ènìyàn 1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn sì pé 50,000, ìlú ńlá ni. Níbi tí wọ́n bá ti ní ó kéré tán 300, tí àpapọ̀ wọn sì tó 5,000, ìlú kékeré tàbí àdúgbò tí èrò rẹ̀ wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Èyí tó kù ni ìgbèríko. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a tó padà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀: bí ìdajì ènìyàn rẹ̀ bá wà nínú ojú àwọ̀n ìlú ńlá, ìlú ńlá ni, bí ìdajì bá wà ní ìgbèríko, ìgbèríko ni, bí kò bá sí èyí tó tó ìdajì nínú méjèèjì, ó wà láàárín. Igbó tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ kò lè fa Ìdànrè lulẹ̀ mọ́, nítorí pé ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé gan-an ni a ń kà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Kò sí akànìyàn kankan tó lọ láti ojú àwọ̀n kan dé èkejì nínú igbó wa. Àwọn tó ń ya àwòrán wọ̀nyí máa ń mú iye ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀, wọn yóò sì pín in sórí àwọn ilé tí sátẹ́láìtì rí láti òkè. Sátẹ́láìtì kì í mọ ilé tí ènìyàn ń gbé yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n ti kọ́ dé òrùlé tí wọ́n sì tì pa nítorí pé onílé wà ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni abà tí igi kòkó bò mọ́lẹ̀ lè má hàn sí i. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ yẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wò nínú igbó kan, abà tí wọ́n bá níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí àwòrán fi hàn lọ. Ẹ lo àwòrán náà, ṣùgbọ́n ẹ mú ẹni tó mọ ilẹ̀ dání.

Ohun kan tún wà tí ìwé òkèèrè kì í sọ, tí ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá kò sì nílò ìwé kí ó tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, "ìlú" àti "oko" kì í ṣe ibi méjì tí àwọn ènìyàn méjì ń gbé. Ẹnì kan náà ló ní ilé nílùú, tó ní abà lóko, tó ń sùn lábà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó sì ń wálé fún àríyá, fún ìjọ tàbí fún ìpàdé ẹbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ lágbàáyé, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ye ayé pé ìlú Yorùbá ti tóbi kí òyìnbó tó dé, àti pé àgbẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, iye èrò nìkan kò lè sọ fún yín irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìkànìyàn Nàìjíríà, bíi ti ọdún 1963 àti ti 1991, fi 20,000 ṣe ààlà: ibi tí èrò rẹ̀ bá tó iye yẹn, ìlú ńlá ni. Òṣùwọ̀n yìí kò béèrè bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kò sì béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ohun tí ẹlẹgbẹ́ yín ní kí ẹ ṣe gan-an nìyẹn, ẹ sì ti rí ibi tó kù sí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ jíjìn, tí mo kà sí apá tó le jù. Kí ni a ń jìnnà sí? Ìlú 50,000 tí OECD ń lò bá Yúróòpù mu, nítorí pé ìlú tó tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣaláìní ilé ìwòsàn ńlá, ilé ẹjọ́ àti ilé iṣẹ́. Ní tiwa, ìlú kan lè ní èrò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó má sì ní ju báńkì kan tí owó máa ń tán nínú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má ṣe fi iye èrò yan ojúkò ọrọ̀ ajé. Iṣẹ́ tí ibẹ̀ ń ṣe fún àyíká rẹ̀ ni kí ẹ fi yàn án. Ìlú Òǹdó yege lójú tèmi, pẹ̀lú ọjà rẹ̀ àti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2015. Àkúrẹ́ yege, ṣùgbọ́n ẹ mọ irú ojúkò tó jẹ́: owó oṣù ìjọba ló ń mú un ṣe dáadáa, ẹni tó bá ń tajà ní Ọjà Ọba sì mọ ọjọ́ tí owó oṣù wọlé láìsí ẹni tó sọ fún un. Ọ̀rẹ̀ yege lọ́nà tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré sí àwọn méjèèjì, nítorí pé ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Èkó ń dúró níbẹ̀.

Àṣìṣe kejì tó wà nínú àbá ẹlẹgbẹ́ yín ni pé ó gbà pé Àkúrẹ́ nìkan ni ojúkò. Àkúrẹ́ ni olú ìlú láti ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ṣùgbọ́n ojúkò ìjọba kì í fi dandan jẹ́ ojúkò ọrọ̀ ajé. Ará Àkókó ń lọ sí Ìkàrẹ́ kí ó tó rántí Àkúrẹ́. Ará Ọ̀rẹ̀ sì ń wo Èkó. Ìlàjẹ ló wá yani lẹ́nu jù. Ẹni tó bá fi títì wọn ọ̀nà láti Àkúrẹ́ dé Igbókọ̀dá yóò lò ju wákàtí méjì lọ, láti ibẹ̀ dé Ayétòrò yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Yóò wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìlàjẹ dá dó. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ti fi ọ̀sà ṣe títì kí a tó la títì. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ẹja wọn ń lọ àti ibi tí àwọn ọmọ wọn ń gbé, wọn yóò dárúkọ Bàrígà àti Makoko ní Èkó, wọn yóò sì dárúkọ Warri níhà kejì. Wọ́n jìnnà sí olú ìlú ìpínlẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọ́n jìnnà sí ọjà. Mo ń sọ èyí láìgbàgbé pé òkun ń jẹ Ayétòrò lójú wa báyìí, àti pé ẹni tí aboyún bá ń rọbí lọ́wọ́ rẹ̀ lóru níbẹ̀ kò lè fi ọjà Èkó tu ara rẹ̀ nínú. Fún ìtọ́jú, ibẹ̀ dá dó gidigidi. Fún òwò ẹja, kò dá dó. Ibì kan náà lè ní orúkọ méjì, ìwé tí ẹ fẹ́ lo ìsọ̀rí náà fún ni yóò sọ èyí tí ẹ óò kọ.

Kìlómítà kò sì tó láti fi wọn jíjìn. Àkúrẹ́ sí Òǹdó kò tó kìlómítà 60, ọkọ̀ sì lè lọ kí wákàtí kan tó pé. Bí ẹ bá yà kúrò lójú títì, tí ẹ wọ inú oko pẹ̀lú ọ̀kadà, kìlómítà 15 lè gba iye àkókò kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù kẹsàn-án ó sì lè má ṣeé lọ rárá. Ìdí nìyí tí Báńkì Àgbáyé fi ní òṣùwọ̀n kan tí kò béèrè bí ìlú ti jìnnà tó, tó kàn ń béèrè pé: ìdá mélòó nínú àwọn ará ìgbèríko ló ń gbé láàárín kìlómítà méjì sí ọ̀nà tó ṣeé rìn tòjò tẹ̀ẹ̀rùn? Bí ọwọ́ yín bá lè tó irú ìṣirò yẹn fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í síwájú kìlómítà láti Àkúrẹ́. Ẹ má sì gbàgbé owó ọkọ̀. Mo máa ń béèrè owó ọkọ̀ ní gáréèjì, nítorí pé awakọ̀ ti fi gbogbo ihò ojú ọ̀nà, ibi àyẹ̀wò àti ọ̀wọ́n epo ro iye rẹ̀ kí ó tó pè é fún èrò.

Jíjìn kì í sì í wúwo bákan náà fún gbogbo ẹrù. Ní ọdún 1826, àgbẹ̀ ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Johann Heinrich von Thünen ṣàlàyé pé bí a bá gbé ọjà kan sí àárín ilẹ̀ tó tẹ́jú, ohun tó tètè ń bàjẹ́ tàbí tó wúwo láti gbé ni wọn yóò gbìn sẹ́bàá ọjà, èyí tó lè pẹ́ tí owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ìwúwo rẹ̀ lọ yóò jìnnà. Ẹ jáde kúrò ní Àkúrẹ́ ní òwúrọ̀, ẹ óò rí i: ẹ̀fọ́ àti ewédú lẹ́bàá odò nínú ìlú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ níwájú díẹ̀, kòkó sì ni ibi tó jìnnà jù. Kòkó gbígbẹ lè dúró nínú àpò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń pọ́n kò lè dúró. Nítorí náà abà méjì tó jìnnà bákan náà, tí ọ̀kan ń gbin kòkó tí èkejì sì ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í ṣe ìyà kan náà ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ tún béèrè bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe é. Australia kò bìkítà fún ìfúnpọ̀ èrò rárá nínú ìsọ̀rí jíjìn tirẹ̀: gígùn ọ̀nà títì láti ibì kan dé àwọn ìlú tó ń pèsè ohun amáyédẹrùn, ní oríṣiríṣi ìwọ̀n ìlú, ni wọ́n fi ń pín orílẹ̀-èdè náà sí ìsọ̀rí márùn-ún, láti ìlú ńlá dé ibi tó jìnnà pátápátá. Amẹ́ríkà pa méjèèjì pọ̀: ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀gbìn níbẹ̀ fún káúńtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 1 dé 9, gẹ́gẹ́ bí èrò ìlú inú rẹ̀ ti pọ̀ tó àti bóyá káúńtì náà fara kan àgbègbè ìlú ńlá tàbí kò fara kàn án. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ti Amẹ́ríkà yìí ló sún mọ́ ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe jù, nítorí pé ó fi ìbéèrè méjèèjì sílẹ̀ ní ìdúró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó so wọ́n pọ̀.

Ohun tí èmi yóò ṣe bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà lórí àga yín nìyí. N kò ní í pín ìjọba ìbílẹ̀ 18 ní tààrà. Wọ́ọ̀dù 203 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, n óò na àwọ̀n tí ojú rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan ní ìbú àti ní òró lé wọn, n óò sì wo ìsọ̀rí ìfúnpọ̀ tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Nínú ìlà mìíràn, láìfi ojú wo ìlà àkọ́kọ́, n óò kọ iye ìṣẹ́jú láti àárín wọ́ọ̀dù náà dé ojúkò tó sún mọ́ ọn jù, yálà ojúkò náà wà nínú ìpínlẹ̀ tàbí lẹ́yìn ààlà, lójú ilẹ̀ tàbí lójú omi, ní ọjọ́ ọjà kan nínú òjò. Ìgbà tí ìlà méjèèjì bá pé tán ni n óò tó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibi tí wọ́n bá sì ti tako ara wọn ni n óò lo àkókò mi lé lórí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpín owó àti iṣẹ́ ìdàgbàsókè ti máa ń ṣìnà. Ibi tí èrò fún pọ̀ tó sì jìnnà nílò ohun tó yàtọ̀ sí ibi tí èrò kò fún pọ̀ tó sì sún mọ́: àkọ́kọ́ ń fẹ́ ilé ìwòsàn tirẹ̀, èkejì lè jẹ́ pé ọ̀nà tó dára ni ó fẹ́, kí ó lè máa lo ti ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti rí àtòkọ kan rí, láti ọwọ́ ọ́fíìsì kan tí n kò ní í dárúkọ, tó fi irú ẹ̀rọ omi kan náà ránṣẹ́ sí méjèèjì nítorí pé "ìgbèríko" ni wọ́n kọ síwájú wọn.

Bí ọ̀gá yín bá takú pé ìjọba ìbílẹ̀ ni òun fẹ́ rí lórí ìwé, ẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ní ìlà méjì, ti ìfúnpọ̀ èrò àti ti jíjìn, kí ẹ sì ya Ìdànrè àti Òdìgbò sí apá méjìméjì: ìlú Ìdànrè lọ́tọ̀, igbó rẹ̀ lọ́tọ̀, Ọ̀rẹ̀ àti àwọn ibi tó wà lójú títì lọ́tọ̀, ilẹ̀ igbó ọba lọ́tọ̀. Fún Gúúsù Àkúrẹ́, ẹ kọ ìlú ńlá, ojúkò. Fún Ìwọ̀-Oòrùn Òǹdó, ẹ kọ agbedeméjì tó ní ojúkò tirẹ̀, kí ẹ má sì fi Àkúrẹ́ wọ̀n ọ́n. Àríwá Àkúrẹ́ yóò dà yín láàmú, nítorí pé ìlú Àkúrẹ́ ti ń wọ inú rẹ̀ láti ìhà kan nígbà tí ìhà kejì ṣì jẹ́ oko. Ẹ fi í sí agbedeméjì tó sún mọ́ ìlú, kí ẹ sì kọ ọdún tí ẹ ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, ẹ kọ "èrò fún pọ̀ létí omi, ó jìnnà sí ìtọ́jú àti sí ọ́fíìsì ìjọba, ó sún mọ́ ọjà lójú omi". Mo mọ̀ pé ó gùn ju àyè tó wà nínú fọ́ọ̀mù lọ. Ẹ fi kún fọ́ọ̀mù.